Ìgbà Èwe Léopold Senghor

Ẹ̀yin ará, àti ẹ̀yin olùkọ́ Òkè-Ìlá ní pàtàkì, ẹ jẹ́ kí a rántí Léopold Sédar Senghor. A bí i ní Joal, ní ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gàl, ní ọdún 1906. Ní 1914 a fi í sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn Fadá ní Ngasobil, níbi tí àwọn ọmọkùnrin ń gbé. Èdè Serer ni ó gbọ́ láti ilé; níbẹ̀ ni ó ti kọ́ ti Wolof àti ti Faransé. Iṣẹ́ àlùfáà ni ọkàn rẹ̀ ń fẹ́. Nítorí náà ni ó ṣe lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà ní Dakar ní 1923. Ṣùgbọ́n olórí ibẹ̀ a máa pe àwọn baba ńlá wọn ní ẹhànnà. Senghor kò gbà. Ó jiyàn pé àwọn pẹ̀lú ní ọ̀làjú tiwọn. Nígbẹ̀yìn a sọ fún un pé kò yẹ fún iṣẹ́ náà. Èyí dùn ún jọjọ, ṣùgbọ́n kò kọ ìjọ Àgùdà sílẹ̀. Ó di akéwì ńlá, ó sì di ààrẹ ìkíní ilẹ̀ rẹ̀ ní 1960. Ó kú ní 2001. Ẹyin ni ohùn. Ẹ jẹ́ kí a máa ṣọ́ ọ níwájú àwọn ọmọ tí a fi lé wa lọ́wọ́.