Hugh Clapperton àti Wíwọn Ilẹ̀ Yorùbá

Ìgànmú ní Èkó àti Àgbádárìgì fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lórí ìlà ìbú ayé kan náà, ní nǹkan bí dìgírì 6 ààbọ̀ sí àríwá agbedeméjì ayé. Ìlà òòró ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀: Ìgànmú fi nǹkan bí ìdajì dìgírì wà ní ìlà-oòrùn. Nítorí pé dìgírì 15 ni ayé ń yí ní wákàtí kan, ọ̀sán gangan máa ń fi ìṣẹ́jú 2 dé Ìgànmú ṣáájú Àgbádárìgì. Ìṣẹ́jú 2 kò jọ ohun bàbàrà, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ ni ó ń da Hugh Clapperton láàmú.

Ìlú Annan ní Scotland ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1788. Ọmọ ọdún 13 ni nígbà tí ó wọ iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi. Atukọ̀ kì í pẹ́ kí ó tó mọ̀ pé ìlà ìbú kò ṣòro: kí ó wọn bí oòrùn ti ga tó ní ọ̀sán gangan, kí ó yẹ ìwé ìṣirò ọjọ́ náà wò, ó parí. Ìlà òòró kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó ń wá a gbọ́dọ̀ mọ ohun tí aago wí ní Greenwich ní àkókò náà gan-an, tàbí kí ó ṣe ìṣirò gígùn lórí ìrìn òṣùpá láàárín ìràwọ̀. Bí aago bá fi ìṣẹ́jú 4 péré tàsé, àṣìṣe rẹ̀ tó dìgírì kan, èyí tí í ṣe nǹkan bíi kìlómítà 110 ní ilẹ̀ Yorùbá.

Ní ọdún 1824, lẹ́yìn tí ó ti la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá, Clapperton dé Sókótó. Ọ̀mọ̀wé ni Sultan Muhammad Bello, ó sì mọ̀ nípa ìràwọ̀. Àmọ́ àwòrán ilẹ̀ tí Clapperton gbà lọ́dọ̀ rẹ̀ darí Odò Ọya sí Íjíbítì.

Ní ìparí ọdún 1825, ó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì láti wá òtítọ́ odò náà. Kí ọdún yẹn tó parí, Pearce àti Morrison tí wọ́n jọ wá ti kú ní ilẹ̀ Yorùbá. Dickson tí ó gba ọ̀nà Dahomey kò padà mọ́. Ó ku Clapperton àti Richard Lander, ìránṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n dé Ọ̀yọ́ Ilé ní oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ ọdún 1826. Aláàfin gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí wọ́n gba ibẹ̀ lọ sí Odò Ọya, bí kò tilẹ̀ jìnnà. Kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni bá ọba wí, nítorí ogun àwọn Fúlàní Ìlọrin ti ba ọ̀nà jẹ́. Ibà ń ṣe Clapperton, síbẹ̀ kò fi wíwọn oòrùn sílẹ̀. Ìlà ìbú rẹ̀ ṣeé gbára lé ju ìlà òòró rẹ̀ lọ.

Ní Búsà, níbi tí Mungo Park ti kú ní ọdún 1806, ó rí odò náà. Ó tún dé Sókótó, ṣùgbọ́n ogun wà láàárín Sókótó àti Borno, Bello sì ti ń fura sí i. Ìgbẹ́ ọ̀rìn pa á ní ọjọ́ 13 oṣù Igbe, ọdún 1827. Lander sin ín, ó sì kó àwọn ìwé rẹ̀ padà sí Àgbádárìgì.

Ní ọdún 1830, Lander àti John àbúrò rẹ̀ wọ ọkọ̀ ní òkè odò náà. Lander kò kọ́ iṣẹ́ wíwọn ojú ọ̀run bíi ti ọ̀gá rẹ̀. Omi ni wọ́n bá lọ, títí ó fi gbé wọn dé òkun.