Andrew Foster: Adití Tí Ó Di Olùkọ́ Àwọn Adití ní Áfíríkà

Nígbà tí Andrew Foster ń múra láti mú Ìhìnrere tọ àwọn adití ilẹ̀ Áfíríkà lọ, àwọn kan sọ fún un pé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí adití níbẹ̀. Wọ́n wà, wọ́n sì pọ̀. Kọ̀rọ̀ yàrá ni ọ̀pọ̀ ìdílé ń fi wọ́n pamọ́ sí.

Ọjọ́ 27, oṣù Kẹfà, ọdún 1925 ni a bí i ní Ensley, ní ìpínlẹ̀ Alabama ní Amẹ́ríkà. Awakùsà èédú ni baba rẹ̀. Ọmọ ọdún 11 ni nígbà tí àrùn yírunyírun kọlu òun àti arákùnrin rẹ̀, tí àwọn méjèèjì sì di adití. Ilé-ẹ̀kọ́ adití tí a yà sọ́tọ̀ fún adúláwọ̀ ni ó lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kò jìnnà. Ó ṣí lọ sí Detroit, ó ń ṣiṣẹ́, ó sì ń kẹ́kọ̀ọ́ nípasẹ̀ lẹ́tà. Lẹ́yìn ìgbìyànjú púpọ̀, kọ́lẹ́ẹ̀jì Gallaudet ní Washington gbà á, ní ọdún 1954 ó sì di ọmọ Amẹ́ríkà adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tí ó gboyè jáde níbẹ̀. Ní 1956 ó dá míṣọ́n tirẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn adití Áfíríkà.

Accra ni ó kọ́kọ́ gúnlẹ̀ sí, ní 1957. Yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ tí ó yá ni ó ń lò, nígbà tí àwọn ọmọ tí ń gbọ́ràn bá ti lọ sílé. Ọmọdé ń wá, àgbàlagbà tí kò tíì fi ojú kan ìwé rí náà ń wá. Nígbà náà, ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ adití káàkiri ayé ni ó ń fi dandan mú ọmọ láti máa wo ètè olùkọ́ kí ó sì máa fi ẹnu sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ni kò fẹ́ rí ọwọ́ tí ń sọ̀rọ̀. Foster, tí ó mọ ìṣòro náà lára, kò tọ ọ̀nà yẹn. Èdè àfọwọ́sọ ni ó fi kọ́ wọn ní ìwé kíkà, ìṣirò àti ọ̀rọ̀ Ọlọ́run.

Àwọn onímọ̀ kan bá a wí pé èdè àfọwọ́sọ ti Amẹ́ríkà ni ó gbé wá, nígbà tí àwọn adití ìletò bí Adamorobe ní Ghana ti ní tiwọn. Ẹ̀sùn náà kì í ṣe kékeré. Síbẹ̀, ọmọ tí a fi pamọ́ sí kọ̀rọ̀ ní ìlú ńlá kò ní èdè kankan tí ẹlòmíràn lè gbọ́.

Ní 1960 ó dé Nàìjíríà, ó sì dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Ìbàdàn, Kàdúná àti Enugu. Ìbàdàn yìí náà ni ó ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ tí ó wá láti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn. Lójú tèmi, èyí ni ó gbòòrò jù nínú iṣẹ́ rẹ̀, nítorí púpọ̀ nínú àwọn olùkọ́ náà jẹ́ adití fúnra wọn, wọ́n sì padà sílé lọ kọ́ àwọn ẹlòmíràn. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó dá sílẹ̀ lé ní 30, ní orílẹ̀-èdè tí kò dín ní 13.

Ní 1961 ó fẹ́ Berta Zuther, adití ọmọ Jámánì. Ọmọ márùn-ún ni wọ́n bí. Lọ́dọọdún ni ó máa ń fi ilé sílẹ̀ fún oṣù púpọ̀ nítorí iṣẹ́ náà, ẹrù ilé sì wà lọ́rùn ìyàwó.

Ní ọjọ́ 3, oṣù Kejìlá, ọdún 1987, ọkọ̀ òfúrufú kékeré tí ó wọ̀ já ní Rwanda, ó sì kú ní ẹni ọdún 62. Berta ni ó bá iṣẹ́ míṣọ́n náà lọ lẹ́yìn rẹ̀.