Yuri Gagarin: Ọmọ Iléeṣẹ́ Irin Tó Gbé Ọkàn Rẹ̀ Lọ Sókè

Láràárọ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹ̀gbọ́n wa ń ti Alápòtí jáde lọ sí iléeṣẹ́ irin ní Ọ̀tà àti Sàǹgó. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni Yuri Gagarin fi bẹ̀rẹ̀.

Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹta ọdún 1934 ni wọ́n bí i ní abúlé Klushino, ní Rọ́ṣíà. Káfíńtà ni bàbá rẹ̀. Nígbà ogun àgbáyé kejì, àwọn ọmọ ogun Jámánì gba ilé wọn, inú ihò tí wọ́n gbẹ́ sílẹ̀ ni gbogbo ẹbí wá ń sùn. Nígbà tó pé ọmọ ọdún 16, bíi tèmi báyìí, ó lọ kọ́ṣẹ́ yíyọ́ irin ní Lyubertsy, nítòsí Moscow. Tó bá ṣíwọ́ iṣẹ́, á tún lọ sí iléèwé alẹ́. Nígbà tó yá, ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa ọkọ̀ òfurufú.

Ní 1960, wọ́n mú un mọ́ àwọn tó máa lọ sí gbalasa òfurufú. Ìbéèrè kan ń da àwọn dókítà láàmú. Iná mànàmáná kékeré tí ọkàn fúnra rẹ̀ ń ṣe ló ń mú un lù. Tí ara èèyàn ò bá wúwo mọ́ ńkọ́, ṣé ọkàn á ṣì máa lù bó ṣe yẹ? Ajá ti lọ, ó ti bọ̀, ṣùgbọ́n ajá kì í ṣe èèyàn. Wọ́n dán èèyàn wò nínú ọkọ̀ òfurufú tó ń gòkè, tó tún ń dorí kọlẹ̀. Ẹni inú rẹ̀ á fúyẹ́ bí ìyẹ́ adìyẹ, àmọ́ kì í tó ìṣẹ́jú kan.

Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹrin 1961, wọ́n lẹ wáyà mọ́ Gagarin láyà. Nígbà tó ku nǹkan bí ìdajì wákàtí kó gbéra, ìgbà 64 ni ọkàn rẹ̀ ń lù ní ìṣẹ́jú kan. Bí ọkọ̀ ṣe ń gbéra, ó di 157. Rédíò ń gbé àmì iná ọkàn rẹ̀ wá sílẹ̀ fún àwọn dókítà. Ara rẹ̀ fúyẹ́ lókè, ọkàn rẹ̀ ò dáṣẹ́ sílẹ̀. Ìṣẹ́jú 108 ló fi lọ tó fi bọ̀. Ní 1962, ó wá kí àwọn ará Gánà àti Làìbéríà.

Ọkọ̀ òfurufú ló já tó pa á ní ọjọ́ 27 oṣù kẹta 1968. Ọmọ ọdún 34 ni.

Lónìí, àwọn onímọ̀ máa ń ní kí èèyàn dùbúlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, kí orí rẹ̀ rẹlẹ̀ díẹ̀ ju ẹsẹ̀ lọ, kí ẹ̀jẹ̀ lè wọ́ lọ sí àyà àti orí bíi ti ẹni tó wà lókè lọ́hùn-ún. Wọ́n á wá máa wo iná ọkàn rẹ̀ lórí ẹ̀rọ. Ìbéèrè ìjọsí náà ni wọ́n ṣì ń wá ìdáhùn sí.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tẹ́ ẹ̀ ń rò pé téèyàn bá ti lọ ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́, ìwé parí nìyẹn, ẹ rántí iléèwé alẹ́ Lyubertsy o.