Látúndé Ọdẹ́kù, dókítà tó kọ́kọ́ la ọ̀nà ìwòsàn ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn nílẹ̀ wa

Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, gẹ́gẹ́ bíi ti gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, ọwọ́ ìyá àgbà tó ń wẹ ọmọ tuntun ló sábà máa ń kọ́kọ́ kan ohun tó ṣàjèjì lára ọmọ náà. Ó lè jẹ́ kókó rírọ̀ kan ní ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn, ó lè jẹ́ ojú egbò tí awọ kò bò, ó sì lè jẹ́ ìdì irun níbi tí irun kì í sí. Kó tó di ọdún 1962, bí wọ́n bá rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lára ọmọ kan nílùú Ìjẹ̀bú-Òde, kò sí ọmọ Nàìjíríà kankan nílé tó kọ́ṣẹ́ abẹ ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn tí wọ́n lè gbé e tọ̀ lọ. Ẹni tó yí ọ̀rọ̀ náà padà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Emanuel Látúndé Ọdẹ́kù.

Ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 1927 ni wọ́n bí i nílùú Awẹ́, lẹ́bàá Ọ̀yọ́. Ilé ẹ̀kọ́ gíga àwọn ọmọkùnrin ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì nílùú Èkó ló ti kàwé, kó tó gba ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ lọ sí Yunifásítì Howard ní Washington, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ó gboyè àkọ́kọ́ níbẹ̀ lọ́dún 1950, ó sì di dókítà lọ́dún 1954. Láti ọdún 1956 sí 1960, ó wà ní Yunifásítì Michigan, lọ́dọ̀ Edgar Kahn tó jẹ́ àgbà nínú iṣẹ́ abẹ ọpọlọ, níbi tó ti kọ́ iṣẹ́ náà dójú àmì.

Ìmọ̀ tó wà lórí rẹ̀ tó ohun tó lè fi jókòó sí òkè òkun títí ayé, àmọ́ ilé ló ń rò. Nínú oṣù kẹwàá ọdún 1962, ó padà dé ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì ní Ìbàdàn, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí UCH, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1957. Òun ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ ọpọlọ níbẹ̀. Nígbà náà, wọn kò tíì dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀, abẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ni Ìjẹ̀bú wà, Ìbàdàn sì ni olú-ìlú. Ẹni tó bá gbéra ní Ìjẹ̀bú-Òde, tó gba Mámù àti Ìdí-Ayùnrẹ́, lè dé ibi tí dókítà náà wà láàárín ọjọ́ kan.

Kí gan-an ni iṣẹ́ rẹ̀ lórí àwọn ọmọdé? Ẹ jẹ́ ká yé ara wa. Nínú oṣù kìíní tí oyún dé inú, kí ìyá tó mọ̀ pé òun lóyún rárá, ni fọ́nrán tí yóò di ọpọlọ àti mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn máa ń ká ara rẹ̀ pọ̀, tí yóò sì dé pa. Bí kò bá dé tán, ibi tó ṣí sílẹ̀ ló máa ń di kókó tàbí egbò lẹ́yìn ọmọ. Bó bá jẹ́ apá orí ló ti ṣẹlẹ̀, ọpọlọ fúnra rẹ̀ lè yọ gba ojú eegun. Kì í ṣe àfọwọ́fà, kì í sì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ tí ìyá dá.

Lásìkò Ọdẹ́kù, kò sí ẹ̀rọ tó ń ya inú orí bí ẹni gé búrẹ́dì. Ọdún 1971 ni wọ́n kọ́kọ́ fi irú rẹ̀ yẹ aláìsàn wò nílùú Lọ́ńdọ̀nù. Ojú, ọwọ́, tépù ìwọnṣọ, iná tọ́ọ̀ṣì àti àwòrán eegun ni dókítà fi ń ṣiṣẹ́. Yóò wò ó bóyá ọmọ ń ta ẹsẹ̀ méjèèjì, bóyá ìtọ̀ ń ro láìdúró. Yóò wọn orí rẹ̀ léraléra láti mọ̀ bóyá omi ń kún un. Yóò tan iná sí ẹ̀yìn kókó láti mọ̀ bóyá omi nìkan ló wà níbẹ̀ tàbí ẹran ara.

Ìyàtọ̀ yìí ló gba ìmọ̀. Lọ́dún 1967, Ọdẹ́kù kọ̀wé jáde lórí àwọn ọmọ tí wọ́n bí pẹ̀lú irú àléébù bẹ́ẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, pàápàá àwọn tí ọpọlọ wọn yọ síta. Lọ́dún 1971, òun àti Adélọlá Adélóye ṣàlàyé wíwú mìíràn tó máa ń wà lókè àwùjẹ̀ ọmọ, tó jọ ọpọlọ tó yọ síta, ṣùgbọ́n tí kò kan ọpọlọ rárá. Àwọn oníṣègùn ṣì ń fi orúkọ àwọn méjèèjì pe àìsàn náà títí dòní. Ìyá tí wọ́n bá sọ fún pé ọpọlọ ọmọ rẹ̀ ló yọ, tó wá gbọ́ pé kókó lásán ni, òun ló mọ ohun tí ìyàtọ̀ yẹn jẹ́.

Ọdún 1965 ló di ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó kọ́ àwọn ọ̀dọ́ dókítà, ó sì tún jẹ́ akéwì tó tẹ ìwé ewì jáde lọ́dún 1964 àti 1969. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wo aláìsàn náà ní àìsàn tirẹ̀. Àtọ̀gbẹ ló ń bá a fínra, òun náà ló sì fa ikú rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́jọ́ 20 oṣù kẹjọ ọdún 1974, lẹ́ni ọdún 47.  Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ilé ìkówèésí ti ẹ̀ka ìṣègùn ní Ìbàdàn.

Ìmọ̀ ti tẹ̀ síwájú lẹ́yìn rẹ̀. Lọ́dún 1991, ìwádìí ńlá kan fi hàn pé oògùn folic acid, bí obìnrin bá ń lò ó kó tó lóyún, ń dín àléébù yìí kù gidigidi. Ẹ̀fọ́ tútù àti ẹ̀wà náà ní irú èròjà yìí nínú, àmọ́ oúnjẹ nìkan kò tó. Ẹ̀yin ìyá, ẹ yẹ ẹ̀yìn ọmọ yín wò láti ọrùn dé ìdí. Bí ẹ bá rí kókó, ihò tàbí irun tí kò yẹ níbẹ̀, ẹ má tú u, ẹ má fi abẹ kàn án, ẹ má sì fi àgbo sí i. Ẹ fi aṣọ mímọ́ bò ó, kí ẹ gbé ọmọ náà lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí àìsàn lè gba ojú egbò bẹ́ẹ̀ wọ ọpọlọ.

Àwọn àgbà ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Fún ọdún méjìlá péré ni Látúndé Ọdẹ́kù fi ṣe àgbà ọjà náà fún wa. Ó ti lọ, ọjà ṣì ń ná, àwọn ọmọ ṣì wà lẹ́yìn ìyá wọn. Ó ku ọwọ́ àwa tó kù.