HEINRICH BARTH: ÀLEJÒ TÍ Ó WỌ TIMBUKTU

Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí oúnjẹ òòjọ́ gbé wá sí Àbújá ni a máa ń la Lọ́kọ́ja kọjá bí a bá ń relé lọ ṣọdún. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wa ni a mọ̀ pé ọkùnrin kan ti jẹ olórí ìlú Lọ́kọ́ja láyé àtijọ́, tí ó ti fẹsẹ̀ tẹ Timbuktu, ògbólógbòó ìlú inú aṣálẹ̀ nì, kí ó tó dé Lọ́ńdọ̀nù àti Jámánì. Abbega ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ẹ̀yà Margi ni. Ẹrú ni tẹ́lẹ̀ rí. A dá a sílẹ̀, ó sì di ọmọ ọ̀dọ̀ òyìnbó kan. Ìtàn òyìnbó náà, Heinrich Barth, ni a fẹ́ sọ.

Ìlú Hamburg ní ilẹ̀ Jámánì ni a bí Barth sí ní ọjọ́ 16 oṣù Kejì, ọdún 1821. Oníṣòwò ni bàbá rẹ̀. Ọmọ náà kì í bẹ́gbẹ́ ṣeré púpọ̀. Ìwé àti èdè ni ó gbájú mọ́. Láàárín 1845 sí 1847, ó rin ilẹ̀ Áfíríkà ti àríwá já, àwọn ọlọ́ṣà sì ṣe é léṣe ní ààlà Íjíbítì. Síbẹ̀, nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń wá ẹni tí yóò bá James Richardson la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá, kò kọ̀. Ní oṣù Kẹta 1850 ni wọ́n gbéra ní Tripoli, àwọn méjèèjì àti Adolf Overweg, ọmọ Jámánì ẹgbẹ́ rẹ̀. Kí ọdún mẹ́ta tó pé, Richardson ti kú, Overweg ti kú. Ó ku Barth nìkan.

Ní oṣù Kẹwàá 1850 ni ó ti yà sí Agades fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí ó sì rí bí wọ́n ṣe fi sùlútáánì tuntun jẹ. Ìyàlẹ́nu ni ó jẹ́ fún un pé èdè tí àwọn ará ìlú náà ń sọ bá ti Timbuktu tan, bí ọ̀nà ṣe jìn sí ara wọn tó. Èdè Songhay ni.

Kò sí ibi tí ó dé tí kì í béèrè ìwé. Ní Gwandu ní 1853, ó rí ìwé ìtàn Lárúbáwá kan, Tarikh al-Sudan, tí ó sọ nípa àwọn ọba Songhay. Barth jókòó tì í, ó ń dà á kọ. Ó rò pé Ahmad Baba, àgbà àáfà Timbuktu, ni ó kọ ọ́. Àṣìṣe ni, Abd al-Rahman al-Sa'di ni ó ni ín. (Ahmad Baba yìí náà ni ó dárúkọ àwa Yorùbá nínú ìwé kan ní nǹkan bí 1615, níbi tí ó ti ń ṣàlàyé ẹni tí òfin Ìsìláàmù gbà kí a mú lẹ́rú. Lára àwọn aláìgbàgbọ́ ni ó kà wá sí.) Láyé ìgbà náà, ọ̀pọ̀ òyìnbó gbà pé ènìyàn dúdú kò ní ìtàn. Ìwé tí ó wà lọ́wọ́ Barth já wọn nírọ́.

Ọjọ́ 7 oṣù Kẹsàn-án 1853 ni ó wọ Timbuktu, ó wọṣọ bíi Lárúbáwá, ó ń jẹ́ Abd al-Karim. Ẹ̀rù tọ́ sí i, nítorí pé wọ́n ti pa Alexander Laing, òyìnbó tí ó ṣíwájú rẹ̀ débẹ̀, ní 1826. Kò pẹ́ tí àṣírí fi tú pé Kìrìsìtẹ́ẹ́nì ni. Àwọn Fúlàní Masina, tí àṣẹ wọn ká ìlú náà, ní kí wọ́n lé e tàbí kí wọ́n mú un. Sheikh Ahmad al-Bakkai ni ó kọ̀ jálẹ̀. Àlejò òun ni, kò sì ní fi í lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ó fi ìwé dá wọn lóhùn ní Hamdallahi; bí ọ̀rọ̀ bá sì gbóná jù, a mú àlejò rẹ̀ lọ sínú àgọ́ lẹ́yìn ìlú títí ara yóò fi rọ̀.

Òkè ilé tí ó wọ̀ sí ni Barth ti ń wo ìlú. Ó ya àwòrán àwọn ilé alámọ̀ àti mọ́ṣáláṣí Sankore. Ó ṣírò pé àwọn onílé níbẹ̀ tó 13,000. Ó kọ bí ọjà ṣe rí sílẹ̀: wúrà, obì láti ìhà gúúsù, iyọ̀ Taodenni tí ràkúnmí ń rù wá bí pákó ìbolẹ̀, àti aṣọ aró Kánò. Òun àti Sheikh a máa jíròrò lórí ẹ̀sìn láìbínú. Lójú tèmi, èyí ni ó mú un yàtọ̀: ó gbọ́ Lárúbáwá, Haúsá àti Kànúrí, kò sì nílò ògbufọ̀ kí ó tó mọ ohun tí onílé ń sọ nípa rẹ̀.

Nígbà tí ó ń padà lọ ní 1854, Sheikh fúnra rẹ̀ sìn ín dé Gao. Ìròyìn ti kàn dé Yúróòpù pé ó ti kú. Ní oṣù Kẹsàn-án 1855 ni ó gúnlẹ̀ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní apá márùn-ún láàárín 1857 sí 1858. Ìwé náà ki jù fún àwọn tí ń wá ìtàn ìjà ẹkùn àti kìnnìún. Díẹ̀ ni ó rà á. Ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Berlin ní 1863. Kò gbé ìyàwó. Ọjọ́ 25 oṣù Kọkànlá 1865 ni ó kú, ọmọ ọdún 44. Ọdún kan náà ni Sheikh al-Bakkai papòdà.

Àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ méjèèjì pẹ́ láyé jù ú lọ. Dorugu, ọmọ Haúsá, di olùkọ́, ó sì kú ní 1912. Abbega ṣe ògbufọ̀ fún àwọn òyìnbó létí odò Ọya, kí ó tó jókòó sórí àga olórí ní Lọ́kọ́ja.