Henri Matisse: Ọgbà Lórí Ibùsùn Àìsàn

Àìsàn ló sọ Henri Matisse, ọmọ ilẹ̀ Faransé, di ayàwòrán. Akọ̀wé lọ́yà ni tẹ́lẹ̀. Inú rírun dá a dùbúlẹ̀ ní nǹkan bí 1890, ìyá rẹ̀ bá ra ọ̀dà fún un kó máa fi najú.

Ní 1941 ni jẹjẹrẹ inú ìfun gbé e dé orí tábìlì iṣẹ́ abẹ ní Lyon. Ó yè é o, àmọ́ kò lè dúró pẹ́ mọ́. Ṣé kó wá káwọ́ lérí ni? Rárá! Àwọn olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ á kun bébà ní ọ̀dà, òun á jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, á fi àlùmọ́gàjí gé e: ewé, ẹyẹ, koríko inú òkun. Wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, yàrá á wá dà bí ọgbà fún ẹni tí kò lè jáde.

Nọ́ọ̀sì kan tó tọ́jú rẹ̀ di sísítà nínú ìjọ Àgùdà. Nípasẹ̀ rẹ̀ ni Matisse fi ṣe ọ̀ṣọ́ ilé àdúrà kan ní Vence, láti 1948. Àwọn fèrèsé rẹ̀ ló wù wá jù: ewé ni gbogbo rẹ̀, oòrùn á sì da àwọ̀ wọn sílẹ̀ ilé. Nígbà tí wọ́n yà á sí mímọ́ ní June 1951, àìlera kò jẹ́ kó lọ. Ó kú ní Nice ní 1954, ẹni ọdún 84.