Dókítà Ògúntọ́lá Sàpárà àti Àrùn Ṣànpọ̀nná

Lónìí, bí ara ọmọ bá sú ní Àpápá tàbí Ajégúnlẹ̀, ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì ni a ń gbé e lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀ láyé àtijọ́.

A bí Ògúntọ́lá Sàpárà ní Freetown ní ọdún 1861. Williams ni a ń pè é tẹ́lẹ̀, kí ó tó mú orúkọ ilẹ̀ baba rẹ̀. Ó kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn lókè òkun, ó sì wọ iṣẹ́ ìjọba ní Èkó ní 1896.

Nígbà náà, ṣànpọ̀nná ń pa tọmọdé tàgbà. Àwọn abọrẹ̀ rẹ̀ ni ń sin òkú, àwọn náà ni ń jogún ẹrù olóògbé. Ní 1897, Sàpárà wọ ẹgbẹ́ awo wọn ní agbègbè Ẹ̀pẹ́. Ohun tí ó rí burú jáì: èépá ara aláìsàn ni wọ́n fi ń tan àrùn náà ká. Àwọn kan lè bi wá pé kí ni onígbàgbọ́ ń wá nínú awo. Ní tiwa, a kò lè dá a lẹ́bi. Ìròyìn rẹ̀ wà lára ohun tí ó mú kí ìjọba fi òfin de ẹgbẹ́ náà.

Ó tún ṣe gudugudu méje lórí ilé ìwòsàn Massey Street, èyí tí ó di ti àwọn ọmọdé lẹ́yìn náà. Ó sùn nínú Olúwa ní 1935. Ní 1980, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ṣànpọ̀nná ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní gbogbo ayé.